Èépá Ọṣẹ Lára Ògiri Ìyá Onílé

Ilé tí mo kọ́ sí Lokogoma, ṣáwà mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Mo fi ìyẹn ṣíwájú kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi tí mi ò ka ìwé mẹ́fà tán, tí mo fi ọwọ́ ara mi kó yanrìn sínú típà onítípà kí n tó ní típà tèmi, èmi náà ni mo sọ fún àwọn oníṣẹ́ pé gíláàsì ni kí wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kùn ṣáwà tó wà nínú yàrá wa, gíláàsì tó mọ́ débi pé àlejò lè forí gbá a tí a ò bá tètè kìlọ̀ fún un. Gíláàsì yẹn ló wá dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyàwó mi àti Tọ́lá, ọmọ wa obìnrin. Kò pẹ́ tí a kó débẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, tó ń wò wá bí ojú tí àwọ̀ ti bò. Ìyàwó mi ní ọṣẹ Tọ́lá ló fà á. Tọ́lá ní, "Mọ́mì, tiyín ni o, òróró ló kún inú ẹ̀, ẹ lọ kà á lára ike ẹ̀." Wọ́n ra ti ibí, wọ́n ra ti ọ̀hún, olómi, líle, aláwọ̀ ewé, títí kan èyí tí wọ́n ní wàrà ewúrẹ́ wà nínú ẹ̀, bíi pé ewúrẹ́ fúnra ẹ̀ ti wẹ̀ rí. Ilé wa wá ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù, gíláàsì ò yéé funfun. Èmi jókòó sí pálọ̀, mò ń jẹ èso dàbínù mi, mò ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi wò mí láti òkè délẹ̀. "Bàbá Tọ́lá, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Mo ní mo ti bá wọn dá ẹjọ́ yìí rí ní Nyanya, nígbà tí eyín iwájú mi ò tíì hù padà tán. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n dá a báyìí. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ dàbínù mi tán.

Ẹni tó bá mọ Nyanya ìgbà yẹn á mọ̀ pé kí àkùkọ tó jí, àwọn ọmọ bọ́ọ̀sì ti jí. Wọ́n á máa ké "Wúsé, Wúsé" lẹ́bàá títì, ohùn wọn á gba orí páànù wọlé bá wa lórí ẹní. Lẹ́yìn ìyẹn ni rọ́bà tí a fi ń fa omi á lu ẹnu kànga, gbàn-ùn, okùn á máa dún wìì, a ó mọ̀ pé Ìyá Onílé ti bẹ̀rẹ̀ ọjà nìyẹn. Obìnrin náà ló ni agboolé tí a ń gbé, òun ló sì ni kànga kan ṣoṣo tí kì í gbẹ ládùúgbò. Gbogbo òpópónà ló ń ra omi lọ́wọ́ ẹ̀, tí kéègì á tò láti ẹnu kànga dé ẹnu ọ̀nà bí ènìyàn tó ń retí dókítà. Ó ga, ó sanra, imú ẹ̀ sì wà níbẹ̀ dáadáa, Ọlọ́run ò ṣahun nídìí imú yẹn rárá. Bàbá mi ń wa mọ́tò fún ọ̀gá kan níléeṣẹ́ ìjọba, ìyá mi ń din àkàrà láàárọ̀, yàrá kan sì ni gbogbo wa ń sùn. Antí Kẹ́mi tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ló wà ní yàrá kejì sí tiwa, òun ló mọ ọṣẹ olóòórùn dídùn jù nínú ilé. Málàmù Sání, tó ń ṣọ́ ilé ìfowópamọ́ kan láàárín ìlú, ló wà lápá òdìkejì pẹ̀lú rédíò ẹ̀ tí kì í panu dé.

Balùwẹ̀ kan ni gbogbo wa ń lò, ní ẹ̀yìn ilé. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Ìyá Onílé fi táìlì funfun sí ògiri ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo òpópónà wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rí táìlì kí ẹ tó mọ̀rìn, kò lè yé yín. Bí àlejò bá dé, tí Ìyá Onílé fún un lómi tútù, ohun tó kàn ni kó mú un lọ wo balùwẹ̀. Mo rí àgbàlagbà ọkùnrin kan tó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà kó tó wọ ibẹ̀, tó sì ń dúpẹ́ nígbà tó jáde. Èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn ọmọ ilé, nítorí náà èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ fífọ balùwẹ̀ lé lọ́wọ́ ní gbogbo Sátidé. Ìyá Onílé á sì dúró lẹ́yìn mi, á ní, "Dèjì, rọra o, táìlì kì í ṣe ẹ̀yìn ìkòkò." Mo máa ń dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ohun tó wà nínú mi yàtọ̀.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni Yèyé dé láti Kabba, ìyá tó bí bàbá mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó kí gbogbo ilé ní "Ọ̀kún o", títí kan ewúrẹ́, ó sì bèèrè odó. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀sán wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bí mo bá ti ń ti ọ̀nà iléèwé bọ̀, mo máa ń gbọ́ odó Yèyé kí n tó rí ilé, ẹsẹ̀ mi á sì yára fúnra ẹ̀. Iyán ọwọ́ ẹ̀ kò ní kókó, àfi èyí tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ fún mi nítorí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn láti máa jẹ ẹ́ lọ́tọ̀. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé ó máa ń jókòó sáàárín èmi àti sálúbàtà ìyá mi. Ẹ̀ṣẹ̀ yòówù tí mo bá ṣẹ̀, kí n ṣáà ti sáré dé ìdí ìró Yèyé. Á ní, "Ìyá Dèjì, ẹ má fọwọ́ kan ọkọ mi. Bó bá bàjẹ́, èmi ni mo fẹ́ ẹ." Ìyá mi á mí kanlẹ̀, á fi sálúbàtà wọ ẹsẹ̀ padà. Mo gbádùn ọdún yẹn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyà kiri, kí n lè rí bí wọ́n ṣe máa gbà mí sílẹ̀.

Yèyé mú igbá ọṣẹ dúdú kan wá, èyí tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ sè. Ó tún gba àmù ńlá kan, ó gbé e sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ yàrá wa, ó fi àwo dé e. Omi òjò inú àmù yẹn nìkan ló ń wẹ̀. Bàbá mi ní, "Yèyé, kànga wà níbí." Ó dáhùn pé, "Omi tí mi ò mọ ìyá ẹ̀, mi ò ní bọ́ aṣọ níwájú ẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ láti òkè, a ti mọra tipẹ́." Ìyá Onílé gbọ́, ó fi imú yẹn fẹ́ atẹ́gùn jáde. Omi tí ènìyàn kò rà kì í dùn mọ́ ẹni tó ń tà á.

Kò pẹ́ tí nǹkan kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ táìlì. Ó funfun, ó ki, ó dà bí ògì tó gbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, bí o bá sì fi èékánná họ ọ́, á wọnú èékánná. Èmi ni mo sọ ọ́ ní èépá, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu mi, títí di òní mi ò tíì gbọ́ orúkọ tó dára jù ú lọ. Sátidé tí mo bá fọ̀ ọ́, kó tó di Ọjọ́rú ó ti padà. Àwọn àgbà ń fapá jánú, ṣùgbọ́n inú tèmi dùn, nítorí mo rí i pé bí ènìyàn bá fi ìka fa ìlà sínú èépá, ìlà náà máa ń dúró. Ọlọ́run fún mi lọ́wọ́ àwòrán yíyà. Mo kọ́kọ́ ya ewúrẹ́, mo ya bọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ kan, mo wá ya ojú ènìyàn kan, gèlè ńlá lórí ẹ̀, imú ẹ̀ sì gba táìlì kan tán, ó kọjá sí ìkejì. Mo wẹ̀, mo jáde, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó wọlé tẹ̀ lé mi pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti táwẹ̀lì ni Ìyá Onílé.

Nígbà tó jáde, ara ẹ̀ ò tíì kan omi, ó pe gbogbo ilé sí àgbàlá. Mo ti wà nídìí ìró Yèyé kó tó la ẹnu. Ìyá mi wò mí, mo wo ojú ọ̀run. Bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ láìtíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, "Ẹ má bínú, mà, ọmọdé ni." Ìyá Onílé gbọ́wọ́ sókè. "Bàbá Dèjì, ẹni tó yàwòrán kọ́ ni mò ń wá. Ẹni tó pèsè ìwé tó fi yà á ni mò ń wá. Ta ló ń fi ọṣẹ burúkú kun ògiri mi?" Gbogbo ojú bá yí sí igbá ọṣẹ Yèyé tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Antí Kẹ́mi ní òun kò fẹ́ dá sí i, lẹ́yìn náà ló wá dá sí i: "Kí Yèyé tó dé, kò sí èépá níbí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sọ." Ó gbàgbé pé táìlì náà kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí Yèyé fi dé, ṣáájú ìyẹn kò sí táìlì tí ojú lè rí èépá lára ẹ̀. Bí èmi ṣe kéré tó, mo rí ìyẹn. Mi ò sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ àwòrán ṣì wà nílẹ̀.

Yèyé kò dìde lórí àpótí. Ó ní, "Ọṣẹ mi dúdú. Ohun tó wà lára ògiri yín funfun. Báwo ló ṣe jẹ́?"

"Yèyé," Ìyá Onílé dáhùn, "adìẹ dúdú náà ní í yé ẹyin funfun."

Málàmù Sání fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Yèyé nítorí ó dùn jù. Àgbà ò fẹ́ràn kí wọ́n fi òwe lu òun láàárín àgbàlá tó kún. Ìyá Onílé wá ṣòfin níbẹ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, ọṣẹ kan ni gbogbo ilé máa fi wẹ̀, ọṣẹ pupa kan tó ń ta sánsán bí ọsibítù, ẹni tí kò bá lè lò ó kí ó wá balùwẹ̀ síbòmíràn. Gbogbo ilé gbà. Yèyé ní òun ò gbà. Ó ní ọṣẹ dúdú yẹn ni òun fi wẹ bàbá mi kí òun tó gbé e pọ̀n, òun kò ní í torí ògiri kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó ní Sátidé ni òun máa padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo mọ ohun tó ń jẹ́ àìsùn. Tí Yèyé bá lọ, ìyà tí wọ́n jẹ mí ní gbèsè láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n máa kó jọ san. Mo rí sálúbàtà ìyá mi lójú àlá. Mo ro iyán, mo ro kókó inú ẹ̀, mo ro bí odó náà á ṣe dákẹ́ nígbà tí mo bá ń ti iléèwé bọ̀. Bàbá mi ń bẹ Yèyé ní kọ̀rọ̀: "Yèyé, ẹ kàn fi ọṣẹ pupa yẹn pa ọrùn díẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ òórùn ẹ̀ lára yín." Yèyé ní, "Fúnṣọ́, ṣé kí n máa fi ara mi purọ́ ni?" Ilé wa sì ti di nǹkan míì. Gbogbo wa ń rùn bákan náà, àtọkùnrin àtobìnrin. Antí Kẹ́mi ní ọ̀gá òun ti bèèrè ẹni tó ń ṣàìsàn nílé òun. Málàmù Sání ní ó dára fún àwọn ọkọ, kò sí ìyàwó tó lè fi òórùn ọṣẹ mú ọkọ ẹ̀ mọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n tètè lo àǹfààní. Ìyá mi ní kó ṣọ́ ẹnu ẹ̀ níwájú ọmọdé. Èépá ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Kò dín. Ìyá Onílé ní ṣebí Yèyé ṣì ń fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, ìgbà tó bá lọ ni ojú ògiri máa mọ́.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, bàbá mi lọ sí gáréèjì lọ gba àyè sílẹ̀ fún un. Yèyé ti di ẹrù, ó ti wé gèlè ìrìnàjò. Oòrùn mú, kéègì tò dé ẹnu ọ̀nà bí ìṣe ọjọ́ Sátidé, àwọn oníbàárà Ìyá Onílé ń retí omi. Yèyé jókòó sórí ẹrù ẹ̀ láàárín àgbàlá, ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n máa ba ọṣẹ òun lórúkọ jẹ́ lẹ́yìn òun. "Ẹ gbé abọ́ tánńganran funfun wá. Kí oníkálukú fi ọṣẹ ẹ̀ fọwọ́ nínú tiẹ̀ dáadáa, kí a dà á nù, kí a gbé abọ́ sóòrùn, kí a wò ó." Inú Ìyá Onílé dùn sí i, ó gbé abọ́ tó dára jù jáde. Òun fi ọṣẹ pupa fọwọ́, Antí Kẹ́mi lọ mú ọṣẹ olóòórùn tó ti fi pamọ́ láti ọjọ́ òfin. Kànga ni àwọn méjèèjì ti bu omi. Yèyé nawọ́ sí mi. "Ọkọ mi, bu omi fún mi." Inú àmù ni mo ti bù ú, níbi tí mo ti máa ń bù ú fún un lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó ro nǹkan kan sí i.

Abọ́ gbẹ. Nínú ti Ìyá Onílé, òrùka funfun kan yí abọ́ ká. Ti Antí Kẹ́mi náà rí bẹ́ẹ̀. Ti Yèyé mọ́, ó ń dán. Mo jó. Ìyá Onílé ní kí n dákẹ́, ó ní Yèyé mọ ọ̀nà tó gbà fọ̀ ọ́ ni. "Ẹ mú ọṣẹ dúdú yẹn fún mi. Èmi fúnra mi ni màá fọ̀ ọ́." Ó fa omi tútù láti inú kànga, ó bu ọṣẹ Yèyé, ó fi fọwọ́ nínú abọ́ míì, ó dà á nù, ó gbé e sóòrùn. Nígbà tó gbẹ, òrùka funfun yọ nínú ìyẹn náà, ó tilẹ̀ nípọn. Ìyá Onílé gbé abọ́ náà lé orí ọwọ́, ó ń gbé e káàkiri fún àwọn oníkéègì wò. "Adìẹ dúdú," ló kàn ń sọ, "adìẹ dúdú." Yèyé gba abọ́ náà, ó fi ìka họ inú ẹ̀, ó wo ìka. Mi ò rí irú ojú yẹn lára ẹ̀ rí. Ó dà bí ẹni tí ọmọ ẹ̀ jẹ́rìí takò ní kóòtù. Ó dìde, ó tún gèlè wé, ó sì na ọwọ́ sí ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, nítorí àwọn ẹbí mi máa ń pa á pọ̀ mọ́ ọgbọ́n, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n pa á pọ̀. Inú ló bí mi. Mo rí ọṣẹ pupa Ìyá Onílé lórí òkúta, tuntun, tí kò tíì ju ìwẹ̀ kan lọ, mo sì pinnu pé màá fọ̀ ọ́ tán. Kí ó pòórá. Kí ó wá a títí. Mo gbé abọ́ rẹ̀ tó ní òrùka, mo kẹ̀yìn sí wọn, mo bu omi inú àmù nítorí òun ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì yí ọṣẹ náà bí ẹni ń yí èbà. Ìfóófòó ọṣẹ yẹn, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ó kún abọ́, ó kún ìgbọ̀nwọ́ mi, ó ń ṣàn lọ bá ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ra ọṣẹ nínú ilé yẹn, kò sí èyí tó hó bẹ́ẹ̀. Ìyá Onílé yíjú, ó rí mi. "Ọṣẹ mi." Ó já a gbà, ó gbá abọ́ náà dànù, abọ́ yí lọ sínú oòrùn, ó sì dojú sókè síwájú Málàmù Sání. Kò pẹ́ tí oòrùn fi fa omi inú ẹ̀ gbẹ, Málàmù Sání bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé abọ́ náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Abọ́ mọ́ tónítóní. Òrùka àkọ́kọ́ gan-an ti bá ìfóófòó lọ. Ó wo abọ́, ó wo àmù, ó wá wo kànga, ó sì wò ó pẹ́.

"Kai," ó ní. "Ọṣẹ kọ́. Omi ni."

Àwọn oníkéègì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Obìnrin kan láàárín wọn ní, "Àbájọ. Èmi náà, aṣọ mi kì í mọ́, mo rò pé ọwọ́ mi ni." Òmíràn rọra gbé kéègì ẹ̀ kúrò lórí ìlà. Ẹ wá wo Ìyá Onílé. Imú yẹn nìkan ló ń mira. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sún mọ́ Yèyé, ó rẹ ohùn sílẹ̀, irú ohùn tí a kò mọ̀ pé ó ní. "Yèyé, ẹ jókòó, mà. Níbo lẹ ń lọ nínú oòrùn yìí?"

"Ọkọ̀ mi ń dúró."

"Ọkọ̀ wo? Ṣé a bá yín jà ni? Ọ̀rọ̀ ọṣẹ lásán."

Yèyé wo àwọn oníkéègì, ó wo obìnrin náà. Gbogbo ojú wà lẹ́nu ẹ̀. Bó bá sọ gbólóhùn kan péré níbẹ̀, ọjà omi tán nìyẹn. Mo ń fẹ́ kó sọ ọ́. Ó gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ dé títì. "Omi yìí dára fún mímu, ó dára fún ọbẹ̀. Èmi náà fi se ẹ̀gúsí lánàá. Ó kàn jẹ́ pé òun àti ọṣẹ kò rẹ́. Ta ni kò ní ẹni tí kò bá rẹ́? Kò sẹ́ni tí í bá omi ṣọ̀tá." Kéègì tó ti kúrò padà sórí ìlà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀ sílẹ̀ fún Ìyá Onílé létí, ṣùgbọ́n etí mi gùn: kó fi páànù ṣe ọ̀nà omi yí ìdí òrùlé ká, kó gbé dírọ́ọ̀mù sábẹ́ ẹ̀, kí gbogbo ilé máa fi omi òjò wẹ̀, kí oníkálukú sì padà sí ọṣẹ ẹ̀. Ìyá Onílé ní kó tó di ọjọ́ Ajé ó ti ṣe é. Ó sì ṣe é.

Bàbá mi dé láti gáréèjì pẹ̀lú òógùn lójú. "Yèyé, mo ti gba iwájú fún yín, wọ́n ní kí ẹ tètè máa bọ̀." Ó bá Yèyé nídìí odó, tó ti ká ìró sókè. "Padà lọ sọ fún wọn pé mo ti sanra ju iwájú lọ," ni Yèyé wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi àti ẹ̀ wà nínú yàrá, tó ń tú ẹrù, ó gbé igbá ọṣẹ ẹ̀ lé itan, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọkọ mi, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń yin ọṣẹ yìí, àṣé omi ló ń gbé e pọ̀n." Mo ti dàgbà báyìí, mo ti ṣe ohun tó pọ̀, mo sì mọ iye ènìyàn tí mo jẹ́ ọṣẹ fún àti àwọn tó jẹ́ omi fún mi. Mi ì í sábà sọ ọ́ níta.

Nígbà tí ọyẹ́ dé tí òjò lọ, a padà sí kànga, èépá sì padà wá. Ìyá mi wá kọ́ wa pé kí a máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ nu ògiri, ó sì máa ń kúrò. Ọjọ́ kan tí mò ń nù ún báyìí ni Ìyá Onílé dúró sẹ́yìn mi. Ó wò títí, ó ní, "Dèjì. Ṣé bí imú mi ṣe tóbi tó nìyẹn?" Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwòrán yẹn ti ṣẹlẹ̀, kò bi mí rí. Mo wo ẹ̀yìn, Yèyé wà nítòsí, ìró wà. Mo ní, "Ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà. Àyè ni kò tó." Ó di ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ mú, mo rò pé ó fẹ́ nà mí, ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín débi pé àwọn oníkéègì gbọ́.

Ìtàn tí mo sọ fún ìyàwó mi àti Tọ́lá nìyí, títí dàbínù fi tán. Mo wá dá ẹjọ́ wọn bí mo ṣe ṣèlérí. Mo ní ọṣẹ líle àti omi líle, ìyẹn omi tí kò bá ọṣẹ rẹ́ bíi ti kànga Ìyá Onílé, òrùka funfun ni wọn á bí. Mo ní ọṣẹ aláwọ̀ wàrà àti èyí tí òróró kún inú ẹ̀, gíláàsì ni wọ́n ń pa, kì í ṣe ara. Kí wọ́n lọ ra olómi tó fẹ́lẹ́, tó mọ́ gaara, tí kì í yọ̀ mọ́ ọwọ́, nítorí mo ti dán an wò, òun kì í bẹ̀rù omi líle bíi ti àwọn ìyókù. Kí ẹni tó bá wẹ̀ tán sì fa omi kúrò lára gíláàsì kó tó jáde. Mo rò pé wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi ní, "Ẹ ṣeun. Omi ta ló wá le báyìí?"

Ẹ gbọ́, bóòhóólù ilé mi, èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Mo fi ẹ̀rọ sí ẹnu géètì kí àwọn ará ẹ́sítéètì lè máa bù níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì ti sọ fún gbogbo wọn pé kò sí irú omi yẹn ní Lokogoma. Wọ́n ń bù ú lọ́wọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. Mo dìde, mo ti fèrèsé. Mo ní, "Ìyá Tọ́lá, ẹ rọra sọ̀rọ̀, ènìyàn wà ní géètì." Ẹ̀rín tí ó rín, fèrèsé tí mo tì kò wúlò fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, mo yí dírọ́ọ̀mù kan lọ sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ṣáwà, mo bá ọkùnrin kan lára gíláàsì, nínú èépá. Ó dé fìlà. Ikùn ẹ̀ yọ síwájú bíi típà tó ru yanrìn, ó gba gíláàsì láti ọwọ́ ìlẹ̀kùn dé ìsàlẹ̀. Mi ò bèèrè ẹni tó yà á. Mo wo ikùn yẹn, mo wo tèmi, mo tún wo ti gíláàsì. Ọmọ náà gbìyànjú. Àyè ni kò tó.